Sítíárì Land Cruiser 1992 ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, kò gbọ́

AwakọBùnú | Ọjọ́ Àìkú, 7:40 alẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di jàǹbá.

Land Cruiser 80 ni mo ń wà, ti ọdún 1992, dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, gíà ọlọ́wọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún wa. Ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Kogi, torí 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Òun ni mo ń gbé lọ sóko kájú wa ní Bùnú, òun náà ló ń kó iṣu wa jáde wá sí Kàbà. Kò sí ọkọ̀ kékeré tó lè dé ibẹ̀ lásìkò òjò.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Bí mo bá wà lórí 50, kò sí wàhálà kankan. Tí mo bá ti wọ 65 sí 75, tí táyà iwájú kan wá jìn sí gálọ́ọ̀pù, sítíárì á gbà mọ́ mi lọ́wọ́, á máa yí sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀, kíákíá, débi pé n kì í lè ka ìka ọwọ́ ara mi. Dáṣíbọ́ọ̀dù á máa pariwo, bọ́nẹ́ẹ̀tì á máa jó. Kì í sinmi àfi tí eré bá já wálẹ̀ dé nǹkan bí 30. Sátidé tó kọjá, láàárín Ìyàrà sí Kàbà, ìyàwó mi àti ọmọ wa wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ṣe é. Ọmọ náà sunkún títí a fi délé. Láti ìgbà náà, n kò gbé wọn mọ́.

Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì sítíárì tuntun, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tẹ́ẹ́rẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá sítíárì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi rọlẹ̀. Mo tún gbé e lọ ṣe àláìnmẹ́ǹtì ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ní ó ti dára. Nígbà tí mò ń bọ̀, n kò tíì kọjá Òbájànà tó ti tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n tún pààrọ̀?

Ọmọ_Ìyàrà | 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ayédèrú ni ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n tà fún yín. Irú ẹ̀ ṣe Patrol mi lọ́dún tó kọjá, mo ra ojúlówó, ó sì dáwọ́ dúró. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi méjì sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná yín lówó ju ìyẹn lọ.

Fókánáísà_Mọ̀pà | 8:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n AwakọBùnú, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo táyà. Iṣẹ́ mi ni, mo sì ń rí i lójoojúmọ́.

Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rímù, apá tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá ń ti oko bọ̀, ẹrẹ̀ pupa máa ń dì sínú rímù, á gbẹ, á le bí bíríkì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fi ìdí sípánà họ ẹrẹ̀ kúrò nínú rímù Hilux kan. Ohun tí mo họ jáde kún agolo mílíìkì, apá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì dì sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti ń wá owó rímù tuntun kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra táyà náà yí po, lójú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá kan ibi tó wú bí eéwo, wáyà inú rẹ̀ ti já nìyẹn, ẹ má fi rìn mọ́. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Bó bá jẹ́ 3109, ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà tòkunbọ̀ lè máa dán bí ojú tuntun, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ tún gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú. Tí gbígbọ̀n náà bá kúrò lọ́wọ́ yín tó wá ń gbọ̀n yín nídìí lórí àga, táyà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Táyà tí kò ní bálánsì kì í dúró de gálọ́ọ̀pù. Lójú ọ̀nà tó dán gan-an ló ti máa ń gbọ̀n, ní nǹkan bí 80 sí 100, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ni. Èyí tí ẹ sọ yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌyáKájú | 9:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ dákun, ṣé irú rẹ̀ náà ló ń ṣe Pajero mi? Tèmi kì í gbọ̀n àfi tí mo bá tẹ bíréèkì, pàápàá tí àpò kájú bá kún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí mo wá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó parọ́rọ́. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n lọ ra ọ̀pá sítíárì odidi. Owó gọbọi ni.

Ọ̀gáMẹ́káníìkì_Ìsánlú | Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, torí mo ti rí ọkọ̀ tó tìtorí rẹ̀ wọ inú igbó.

Ìyá, ẹ má ra ọ̀pá sítíárì o. Tiyín yàtọ̀. Ohun tó bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, dísìkì bíréèkì iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ó ti nípọn níbì kan, ó ti fẹ́lẹ́ níbòmíràn, bí páàdì bá wá fún un mọ́ra, sítíárì á gbọ́ ọ. Kí wọ́n wọn ín. Ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù ú lọ wà ní títẹ̀ sára dísìkì fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fi tuntun sí i, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù ná. Ìpẹtà díẹ̀ lẹ́yìn dísìkì, dísìkì tuntun á máa yí gbágungbàgun.

AwakọBùnú, àbúrò mi, o ní kí ni kí o pààrọ̀. Fi owó rẹ sápò ná. Ibi tó ti dẹ̀ la ń wá.

Land Cruiser 80, Patrol àtijọ́, Defender, Jeep Cherokee àtijọ́, gbogbo wọn ni ásù iwájú wọn jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo láti táyà ọ̀tún dé tòsì. Ohun tó bá gbá ọ̀tún, òsì á jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ásù yẹn sún sọ́tùn-ún tàbí sósì lábẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀pá kan tí à ń pè ní Panhard. Orí rẹ̀ kan wà lára ṣáásí, orí kejì wà lára ásù, bọ́ṣìn onírọ́bà sì wà ní orí méjèèjì. Bí rọ́bà yẹn bá jẹ tán, ásù ti rí àyè. Gálọ́ọ̀pù kan á gbá a, á sún lọ, sítíárì á fà á padà, á tún fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ni yóò bá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Bí o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, fa bíréèkì ọwọ́, fi pákó há àwọn táyà ẹ̀yìn. Jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Tan ẹ́ńjìnnì kí sítíárì lè fúyẹ́. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kó máa yí sítíárì díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kó má ṣe yí i dópin. Ìwọ dùbúlẹ̀ síwájú, kí o sì gbé ọwọ́ lé oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí dókítà ń fọwọ́ kan ikùn aláìsàn. Ojú lè tàn ọ́, ọwọ́ á sọ òótọ́ fún ọ. Panhard ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, orí méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn táì rọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ọ̀pá tí sítíárì fi ń yí táyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá tó ti inú gíábọ́ọ̀sì sítíárì jáde. Wo àwọn bọ́ọ̀tì tó de gíábọ́ọ̀sì náà mọ́ ṣáásí pẹ̀lú, mo ti bá a níbi tí ṣáásí ti sán yí wọn ká.

Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹ́ńjìnnì, gbé iwájú sórí jáákì, kí o sì fi ìtì igi tó nípọn gbè é lẹ́sẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé jáákì nìkan. Di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, máa tì í, máa fà á. Bí o bá gbọ́ kọ́, kọ́, ní kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí ìró náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn họ́ọ̀bù ló dẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, bíárìn kíńpìn ni, ìyẹn méjì tí táyà ń yí lé lórí tí o bá fẹ́ yà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Tó bá sì tún gbọ̀n kí o tó rí i tún ṣe: má gbá bíréèkì mọ́lẹ̀, má bá a jà. Di sítíárì mú, ṣùgbọ́n yọ àtàǹpàkò kúrò nínú rẹ̀ kó má baà ṣẹ́ ẹ. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, jẹ́ kí eré já fúnra rẹ̀, kí o rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Ìyàrà | 7:20 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀ o, mo júbà. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Bí kì í bá ṣe ṣọ́ọ̀kì, kí ló dé tó fi rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Tìṣà_Ẹ̀gbẹ̀ | 10:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí. Físíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ rántí jangirọ́fà tí a máa ń so mọ́ igi máńgòrò. Bí ọmọ bá jókòó sórí rẹ̀, ìka kan péré lè tì í títí yóò fi lọ sókè réré, bí ìka náà bá ṣáà ti ń tì í lásìkò tó yẹ. Gbogbo ohun tó lè fì ló ní bí ó ṣe máa ń yára fì. Ásù iwájú àti àwọn táyà rẹ̀ náà ní tiwọn, bí oríkèé wọn bá sì ṣe ń dẹ̀ sí i ni yóò ṣe rọrùn tó láti mú wọn fì.

Táyà 275/70R16 tí mo mọ̀ mọ́ Land Cruiser 80, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 79. Bí ọkọ̀ bá wà lórí 70, táyà náà ń yí nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìyẹn bá ṣe kòńgẹ́ bí ásù tó ti dẹ̀ ṣe fẹ́ máa fì, gbogbo yíyí kọ̀ọ̀kan ti di ìka tó ń ti jangirọ́fà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wá ní 50. Gálọ́ọ̀pù ló kàn fún un ní títì àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀kì sítíárì wá dà bí ẹni tó di okùn jangirọ́fà mú. Tuntun ni, apá rẹ̀ ń ká a. Ṣùgbọ́n títì náà kò dáwọ́ dúró, lọ́sàn-án lóru ló ń jà, nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Láàárín ìgbà yẹn, bọ́ṣìn tó ń jẹ ṣì ń jẹ lọ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

AwakọBùnú | Ọjọ́rú, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìdúró o. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ, bí mo ṣe rí i ni mo fẹ́ kọ síbí.

Táyà: mo họ ẹrẹ̀ jáde nínú rímù ọ̀tún, kò pọ̀. Nọ́ńbà wọn ń sọ 2019, kò sí ibi tó wú. Mo gbé ti iwájú sẹ́yìn, kò yí nǹkan kan padà.

Lánàá, àbúrò mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ń yí sítíárì, mo sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé orí Panhard tó wà lára ṣáásí. Ọ̀gá, mo rò pé ẹran ara mi ló ń já. Ọ̀pá náà ń fò lábẹ́ ìka mi, ṣáásí á lọ sọ́tùn-ún díẹ̀ kí ásù tó ránti tẹ̀ lé e. A tú bọ́ọ̀tì rẹ̀. Rọ́bà bọ́ṣìn náà jáde ní wẹ́wẹ́, dúdú, gbígbẹ, bí èépá ìkòkò. Ojú bọ́ọ̀tì ti jẹ wọlé níbi méjì, ó ń dán yọ̀ọ̀. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ihò tó wà lára bírákẹ́ẹ̀tì ṣáásí: ó yẹ kó rí róbótó, ó ti gùn bí ẹyin adìyẹ.

Àwọn táì rọ́ọ̀dù le dáadáa. Nígbà tí a gbé e sórí jáákì, táyà òsì dákẹ́. Tọ̀tún ní kọ́, kọ́. Àbúrò mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ìró náà kò lọ.

Ọ̀gáMẹ́káníìkì_Ìsánlú | 8:10 alẹ́

O káre. O ti rí i, méjì ni wọ́n.

Ihò yẹn, má jẹ́ kí wọ́n fi wáṣà di í tàbí kí wọ́n kàn fún bọ́ọ̀tì pa. Kí wẹ́dà kún un, kí wọ́n lù ú padà ní ìwọ̀n bọ́ọ̀tì gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n lẹ irin tuntun tó nípọn mọ́ ọn. Bọ́ọ̀tì tuntun, èyí tó le, kì í ṣe ti ọjà lásán. Bọ́ṣìn orí méjèèjì ni kí o pààrọ̀, kódà bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣì dára lójú. Nígbà tí o bá fẹ́ fún bọ́ọ̀tì náà pa pátápátá, kí táyà wà nílẹ̀, kí ọkọ̀ jókòó bó ṣe máa ń jókòó. Bí o bá fún un pa nígbà tó ṣì wà lórí jáákì, rọ́bà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi já.

Bíárìn kíńpìn: ọ̀tún àti òsì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n yọ táì rọ́ọ̀dù kúrò, kí wọ́n so òṣùwọ̀n oní-ìkọ́ mọ́ apá tí wọ́n ti yọ ọ́, irú èyí tí ẹlẹ́ran fi ń wọn ẹran, kí wọ́n fà á, kí wọ́n ka iye tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Àwọn ìwé irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdérí bíárìn ni wọ́n fi ń tún un ṣe, yíyọ kan kúrò á mú un le sí i. Ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti ṣí i, wo gíríìsì inú rẹ̀. Bó bá ti ṣàn bí ọbẹ̀ ilá, síìlì ásù ti bàjẹ́, ọ́ìlì dífù ló wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì náà lẹ́sẹ̀kan náà, torí kò sí ìdí láti tún tú u lóṣù tó ń bọ̀.

Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbé ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú sípíríǹgì gíga?

AwakọBùnú | 8:26 alẹ́

Rárá o, bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá náà ló wà. Ó tiẹ̀ ti jókòó díẹ̀.

Ọ̀gáMẹ́káníìkì_Ìsánlú | 8:30 alẹ́

Ó dára. Àwọn tó gbé e sókè, ásù wọn máa ń yí síwájú, táyà kì í fẹ́ padà sójú ọ̀nà fúnra rẹ̀ mọ́, ìyẹn náà sì ń fa gbígbọ̀n yìí. Tìrẹ kò sí níbẹ̀. Parí iṣẹ́ náà, kí o wá gbé e lọ ṣe àláìnmẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Lọ́kọ́ja, orí ohun tó ń sún ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Onímọ́tò_Lọ́kọ́ja | Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, Hilux 2008 ni tèmi. Ó ń gbọ̀n díẹ̀ ní 95, tó bá kọjá 110 ó lọ. Kò ní gálọ́ọ̀pù nínú.

Fókánáísà_Mọ̀pà | 1:40 ọ̀sán

Bálánsì. Ẹ wo bóyá lẹ́ẹ̀dì kan, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n fi ń ṣe bálánsì, ti já kúrò létí rímù, ẹ máa rí àpá ibi tó ti wà. Tí bálánsì kò bá mú un, kí wọ́n yí rímù náà lórí ẹ̀rọ kí ẹ wò ó bóyá ó ti tẹ̀.

ÌyáKájú | Ọjọ́ Ẹtì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá, Olúwa á máa bá yín ṣe é. Dísìkì ni lóòótọ́. Ọ̀kan ti fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Mo ra méjèèjì, wọ́n họ ojú họ́ọ̀bù níṣojú mi, mo dúró tì wọ́n ni. Mo ru àpò mẹ́wàá lónìí, mo sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo tẹ bíréèkì, sítíárì dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ_Ìyàrà | 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ Patrol mi lánàá. Bọ́ṣìn Panhard ti sán, kò tíì já tán. Ojúlówó ṣọ́ọ̀kì tí mo rà ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n AwakọBùnú, ẹ má bínú sí ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ fún yín. Mo ti ra bọ́ṣìn.

AwakọBùnú | Ọjọ́ Àìkú, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, kò sí ìbínú. Ọpẹ́ ni.

Iṣẹ́ ti parí. Wẹ́dà kan ní Kàbà ló kún ihò náà tó sì lù ú padà, a ti bọ́ṣìn bọ̀ ọ́, a fún un pa pẹ̀lú táyà nílẹ̀. Bíárìn kíńpìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yí padà. Ti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti ní kòtò wẹ́wẹ́ lójú, bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná jà. Gíríìsì inú rẹ̀ ṣì nípọn, síìlì kò bàjẹ́.

Kí n tó dá ṣọ́ọ̀kì sítíárì padà, mo kọ́kọ́ wà á láìsí ṣọ́ọ̀kì ní àárọ̀ kùtù, ojú ọ̀nà ṣófo, n kò kọjá 60. Kò mì. Mo dá a padà, mo ṣe àláìnmẹ́ǹtì, mo wá gba ọ̀nà Ìyàrà lọ. Mo mọ gálọ́ọ̀pù yẹn dáadáa, ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Mo wọ ọ́ lórí 70. Táyà ní gbàá, ọkọ̀ fò díẹ̀, sítíárì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dúró. Mo yí padà, mo tún un wọ̀ lórí 80.

Lónìí, ìyàwó mi àti ọmọ wa bá mi lọ sí ìsìn, a sì dé láyọ̀.

Ọ̀gáMẹ́káníìkì_Ìsánlú | 5:03 ìrọ̀lẹ́

A dúpẹ́. Tí o bá ti fi rin bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà, padà sábẹ́ rẹ̀ kí o fi sípánà kan bọ́ọ̀tì Panhard méjèèjì àti nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù. Ohun tuntun máa ń jókòó.

AwakọBùnú | 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti kọ iye kìlómítà rẹ̀ sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.